Ẹ̀jẹ̀ aboyún tára rẹ̀ le àti ẹ̀jẹ̀ aboyún tí preeclampsia mú: ìdánwò wo ni kí a yàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́ fi àwòrán ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 29. Wọ́n fi bírò pupa yí nọ́ńbà kan po lórí ìwé náà: total T4, ìyẹn àpapọ̀ họ́mọ̀nù táírọ́ìdì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ga ju iye tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo pè é, ẹkún ló fi dá mi lóhùn. "Àǹtí, wọ́n ní nǹkan ti ṣe táírọ́ìdì mi." Mo bi í pé mélòó ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní wọn ò wọ̀n ọ́n. Mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní ó ti di ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ òun ní oòrùn ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n yí po yẹn kò burú rárá. Oyún ló gbé e ga, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Orí fífọ́ ló já mi láyà. Mo ní kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìfúnpá 158/102. Purotéènì inú ìtọ̀ 2+. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí Ṣágámù.

Preeclampsia ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tó ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún: ìfúnpá á dé 140/90 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀mejì tó fi wákàtí mẹ́rin ó kéré tán jìnnà síra, purotéènì á máa jò sínú ìtọ̀, tàbí kí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ọpọlọ ti máa fi àmì hàn pé ara ń ni wọ́n. Tí a bá fi sílẹ̀, ó lè di gìrì aboyún, èyí tí àwọn kan ṣì ń pè ní iṣẹ́ ọ̀tá títí di òní.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí láti ọdún 18 sẹ́yìn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa yẹn kò sì ṣàjèjì sí mi. Ó náwó sórí àyẹ̀wò tí kò bá ìṣòro rẹ̀ mu, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe èyí tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ aboyún ní àwọn purotéènì kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé họ́mọ̀nù kiri, láti tọ́jú rẹ̀ pamọ́, láti tú u sílẹ̀ tàbí láti dá a dúró lọ́nà. Àwọn kan nínú wọn ń pọ̀ nítorí pé oyún ń lọ dáadáa. Àwọn mìíràn ń pọ̀, tàbí wọ́n ń yí padà, nítorí pé ibi ọmọ wà nínú ìnira. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká lè mọ èyí tó yẹ ká náwó lé.

Àwọn agbọ̀n obì

Ẹni tó bá ti wo àwọn oníṣòwò obì ní Ṣágámù á mọ bí wọ́n ṣe ń di gbàǹja. Wọ́n á fi ewé tẹ́ agbọ̀n nínú, wọ́n á kó obì sí i, wọ́n á fi ewé bò ó lórí, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sí Òkè Ọya. Obì tó wà nínú agbọ̀n kò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n bá mú jáde ni wọ́n ń jẹ.

Bí họ́mọ̀nù ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. TBG ni agbọ̀n tó ń gbé họ́mọ̀nù táírọ́ìdì; ohun kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun ni táírọ́ìdì. CBG ń gbé cortisol, họ́mọ̀nù tí ara fi ń kojú wàhálà. SHBG ń gbé họ́mọ̀nù akọ àti ti abo. Ẹ̀dọ̀ ló ń hun agbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí oyún bá ti dúró, estrogen, họ́mọ̀nù abo, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, agbọ̀n náà á sì pọ̀ sí i. CBG á di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. SHBG lè di ìlọ́po márùn-ún, ó tilẹ̀ lè tó mẹ́wàá. Ní ti TBG, estrogen ń jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ tó kó o kúrò, nítorí náà total T4 á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 16, á ti fi nǹkan bí ìdajì ju ti obìnrin tí kò lóyún lọ.

Ẹ wá wo ìwé ọmọ wa. Total T4 ń ka gbogbo obì, tinú agbọ̀n àti tìta. Agbọ̀n ti pọ̀, kí ló máa ṣe tí iye obì kò ní pọ̀? Free T4 ni èyí tó wà níta agbọ̀n, òun ló ń ṣiṣẹ́ lára. Tí dókítà bá ń fura sí táírọ́ìdì aboyún, TSH (họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì) àti free T4 ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì béèrè bóyá iye tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti aboyún. TSH náà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láìsí àìsàn kankan, torí pé hCG, họ́mọ̀nù tí strip àyẹ̀wò oyún máa ń rí, ń ti táírọ́ìdì ṣiṣẹ́.

Ní ti preeclampsia, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 rí i pé CBG kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ lára àwọn aboyún tí preeclampsia mú. Àwọn mìíràn rí i pé SHBG tó kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún àkọ́bí máa ń bá ewu preeclampsia rìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá to nọ́ńbà àwọn tí ara wọn le àti ti àwọn tó ń ṣàìsàn, púpọ̀ nínú wọn ń wọnú ara wọn. Dókítà kò lè wo CBG obìnrin kan ṣoṣo kó sọ pé ìwọ lo máa ní i, ìwọ kò ní ní i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àyẹ̀wò CBG tàbí SHBG fún yín nítorí preeclampsia.

Ohun kan nípa CBG tó máa ń wú mi lórí: ooru ń ṣí ẹnu agbọ̀n náà. Nígbà tí ibà bá mú ara gbóná, ọwọ́ CBG á dẹ̀ lára cortisol, á sì tú púpọ̀ sílẹ̀ síbi tí ara ti nílò rẹ̀. Àwọn purotéènì mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, tí wọ́n ń pè ní serpin, máa ń fọ́ pátápátá tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ wọn tán. CBG àti TBG kò ní láti fọ́ kí wọ́n tó tú ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n lè ṣí, kí wọ́n sì tún padé.

Obì tó ṣì wà nínú èso rẹ̀

Ẹnì kẹta nínú ẹbí serpin yìí ni angiotensinogen. Kì í ṣe agbọ̀n rárá. Ó jọ èso obì tí wọn kò tíì la, họ́mọ̀nù ṣì wà nínú ara rẹ̀. Renin ni ọ̀bẹ. Tí renin bá gé ìrù rẹ̀, ohun tó bọ́ sílẹ̀ á di angiotensin lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan sí i, òun ló sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tí ìfúnpá fi ń ga.

Estrogen ń mú angiotensinogen pọ̀ lára aboyún tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú. Kí ló dé tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga nígbà náà, tó tilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín oyún? Iṣan ẹ̀jẹ̀ aboyún tí ara rẹ̀ le máa ń di olóríkunkun sí angiotensin, kì í dá a lóhùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí preeclampsia máa mú ń pàdánù oríkunkun yẹn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó ru, wọ́n ti mọ èyí láti 1973.

Ní 2010, àwọn olùwádìí kan ní Cambridge àti Nottingham ṣàlàyé nǹkan mìíràn. Angiotensinogen ní ìrísí méjì nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan kò ní afárá láàárín apá méjì ara rẹ̀, èkejì ní i. Èyí tó ní afárá ni ọ̀bẹ renin ń tètè gbá mú. Lára ẹni tí kò ní àrùn, nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 40 ni kò ní afárá, nǹkan bí 60 ló ní i. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní preeclampsia, èyí tó ní afárá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa máa ń bọ́ sínú wàhálà atẹ́gùn ọ́síjìn, wàhálà yẹn ló sì lè máa mú afárá yìí pọ̀ sí i.

Nítorí náà, iye èso tó wà nílẹ̀ kọ́ ló ya obìnrin méjì sọ́tọ̀, bí kò ṣe bó ṣe rọrùn tó láti la èso náà. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn olùwádìí ló ṣì jẹ́. Kò sí lára ohun tí ẹ máa yàn nílé àyẹ̀wò.

Ilẹ̀kùn tí kò sí lára ilé

Àwọn méjì tó kù ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí: PlGF àti sFlt-1. Inú ibi ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, wọ́n sì ti di àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn lókè òkun.

PlGF jẹ́ oníṣẹ́. Ó máa ń wọ ilẹ̀kùn kan lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, á sì jíṣẹ́ fún iṣan náà pé kó là, kó rọ̀, kó tún ara rẹ̀ ṣe. VEGF ni oníṣẹ́ kejì rẹ̀. sFlt-1 sì ni irú ilẹ̀kùn yẹn gan-an, ṣùgbọ́n tí kò sí lára ilé kankan, tó kàn ń léfòó nínú ẹ̀jẹ̀. Oníṣẹ́ á wọ ibẹ̀, iṣẹ́ tó ń jẹ́ á sì parí síbẹ̀. Tí sFlt-1 bá pọ̀ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá kò ní gbọ́ ìròyìn mọ́, títí kan àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín tó ń sẹ́ ìtọ̀. Ìfúnpá á ga, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní 2003, àwọn olùwádìí fi sFlt-1 sínú ara èkúté, ìfúnpá àwọn èkúté náà sì ga, purotéènì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀ wọn.

Lára aboyún tí ara rẹ̀ le, PlGF á máa gòkè títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 29 sí 32, lẹ́yìn náà á máa sọ̀ kalẹ̀. sFlt-1 á wà nísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, oṣù méjì ìkẹyìn ló tó máa ń gòkè. Lára ẹni tí preeclampsia máa mú, PlGF kì í gòkè tó bó ṣe yẹ látìbẹ̀rẹ̀, sFlt-1 sì máa ń fò sókè ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí àìsàn náà tó hàn síta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ṣe ni mo ronú kan àwọn obìnrin tí mo mọ̀ tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú gìrì lóru, tí ẹnikẹ́ni kò sì ti ro ohunkóhun tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí àyẹ̀wò yìí lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Wọ́n ń fi iye PlGF pín iye sFlt-1, èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìpín. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 mú àwọn obìnrin tí dókítà ti ń fura sí. Èyí tí ìpín rẹ̀ jẹ́ 38 tàbí kó kéré sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé preeclampsia kò ní mú un láàárín ọ̀sẹ̀ kan: 99.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ju 38 lọ ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 37 ló ní i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àyẹ̀wò náà mọ "rárá" sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹni tí kò sí nínú ewu padà sílé lọ sùn, kí bẹ́ẹ̀dì wà fún ẹni tó wà nínú ewu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí mìíràn ní 2019 fi hàn pé nígbà tí dókítà bá rí nọ́ńbà PlGF, ọjọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé preeclampsia ni ń dín kù láti 4.1 sí 1.9. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ìpín yìí ní oṣù Karùn-ún 2023, fún àwọn aboyún tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Yorùbá gan-an, nítorí ìbejì. Ẹni tó gbé ìbejì ní ibi ọmọ tó tóbi tàbí tó jẹ́ méjì, sFlt-1 rẹ̀ sì máa ń ga láìsí àìsàn. Oyún ọmọ kan ni wọ́n wọ̀n 38 yẹn fún. Tí sikáànì bá ti rí méjì, kí ìyá ìbejì sọ fún ẹni tó ń ka èsì. Ìbejì fúnra rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú ewu preeclampsia pọ̀, bíi ti oyún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àtẹ̀yìnwá, àtọ̀gbẹ, àrùn kíndìnrín, sanra púpọ̀, àti preeclampsia nínú oyún tó kọjá.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Tí owó kò bá ju ti ẹyọ kan lọ, tàbí tí kò tilẹ̀ sí owó: ìfúnpá àti ìtọ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí kílíníìkì aboyún. WHO ní kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera nígbà mẹ́jọ ó kéré tán. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè gba ipò méjèèjì yìí, bó ti wù kó gbówó lórí tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tàbí ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí, mi ò ní kí ẹ má lọ gbàdúrà yín. Ẹ ṣáà rí i pé ẹnì kan ń wọn ìfúnpá yín.

Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí apá yín wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Tí apá bá tóbi, aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ apá gbọ́dọ̀ tóbi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà á ga jù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ sílé, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti dán wò lára aboyún àti lára ẹni tó ní preeclampsia, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọwọ́ máa ń fi iye tó kéré sí òótọ́ hàn nígbà tí preeclampsia bá dé. CRADLE ni ọ̀kan tí wọ́n ti dán wò bẹ́ẹ̀. Ó ń tan iná pupa, iná olómi ọsàn tàbí iná àwọ̀ ewé, kí ẹni tí kò kàwé pàápàá lè mọ ohun tó ń sọ.

Fún ìtọ̀, strip tí wọ́n ń tì bọ inú ìgò ló yá jù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan funfun ojú ara tàbí àrùn ojú ìtọ̀ lè tàn án jẹ. Tí ó bá fi 1+ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ìpín purotéènì sí creatinine (ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín ń dà sínú ìtọ̀) nínú ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Ìtọ̀ wákàtí 24, tí purotéènì 300 mg jẹ́ ààlà rẹ̀, ṣì dára, àmọ́ gbígbé kẹ́ẹ̀gì kiri láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ajé kì í rọrùn, ọ̀pọ̀ sì ń dà díẹ̀ nù. Èmi á yan ìpín yẹn.

PlGF tàbí ìpín sFlt-1 ni kí ẹ ronú kàn nígbà tí oyún bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 20 sí 36, tí ìfúnpá ń ga díẹ̀díẹ̀, tí ìtọ̀ kò sì sọ ohun tó yéni, tí dókítà ń rò ó bóyá kó dá yín dúró. Kò wọ́pọ̀ ní láàbù àdúgbò wa, nítorí náà ẹ ṣe ìwádìí nípa ibi tí èsì ti máa tètè dé. Èsì tó bá gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé kò wúlò mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 37, ẹ má náwó sí i. Tí preeclampsia bá ti hàn nígbà yẹn, bíbí ọmọ ni ìtọ́jú.

Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ìrora lábẹ́ ẹgbẹ́ìhà ọ̀tún, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ìfúnpá tó dé 160/110: èyí kò nílò yíyàn kankan. Ẹ gbéra lóru yẹn. Wọ́n á fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti magnesium sulphate, oògùn tí ìwádìí Magpie ní 2002 fi hàn pé ó ń dín gìrì kù ju ìdajì lọ, lára obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33. Nàìjíríà wà lára wọn.

Fún ẹni tó bá wà nínú ewu, ohun kan wà tó yẹ ká yàn ṣáájú gbogbo àyẹ̀wò: asipiríìnì kékeré, láti ọ̀sẹ̀ 12, kí ó tó di 16. Dókítà ni kó kọ ọ́. Ọmọ wa kò rí i gbà, torí pé oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 33 ni ó bímọ, ọmọkùnrin kékeré kan tó ti ń sáré kiri ilé báyìí. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ìfúnpá rẹ̀ tún gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ kẹta sí kẹfà ni ìfúnpá ìyá ọmọ máa ń ga jù lọ, preeclampsia sì lè kọ́kọ́ yọjú lẹ́yìn ìbímọ, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní Ìjẹ̀bú, àkókò yẹn gan-an ni ilé ń kún, tí wọ́n ń gbé ìkòkò ńlá jáde fún ìkọ́mọjáde ọjọ́ kẹjọ, tí gbogbo ojú wà lára ọmọ. Ẹ wọn ìfúnpá ìyá ní ọjọ́ kẹta, ẹ wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ ìkọ́mọjáde, kí ó tó wọ aṣọ rẹ̀.